Ọ̀bẹ Tí Lámídì Kò Fẹ́ Gbà

Lóṣù tó kọjá, ìjọ àdúgbò wa ní Iyana Iyesi pe àgbà mẹ́ta kí a wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wọ kóòtù nínú ooru, ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣàṣeyọrí. Mo bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe láṣeyọrí, ó ní ìkọ́ni náà ni. Ẹnì kejì ní ilé-iṣẹ́ mẹ́rin lórí káàdì rẹ̀, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ṣe ọ̀bẹ tí àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ igi. Irin àlòkù ni mo fi ń ṣe é." Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó níwájú béèrè pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yẹn dáa?" Olórí ètò ti ń wo aago, nítorí náà mo kàn ní ó dáa, mo sì jókòó. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Èyí tó kù ni mo fẹ́ sọ fún yín níbí. Kí n sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ń fẹ́ nínú iṣẹ́ náà: kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lámídì tún gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Mo kàwé yunifásítì o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìkàwé ló gbé mi dé ìdí iná. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni èyí tó ń béèrè bóyá tábìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó. Ọdún mẹ́rin ni a fi wá ìdáhùn. Nígbà tí mo jáde, n kò rí ìdáhùn, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kan tábìlì.

N kò ní fi bí mo ṣe ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin kan ní Sàngó dá yín dúró, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ owó oṣù ibẹ̀. Ó tó jẹ, kò tó sọ. Ẹnu géètì ni wọ́n fi mí sí, kí n máa kọ ohun tó ń jáde sílẹ̀. Lára ohun tó ń jáde ni àwọn ayùn ńláńlá tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, tí wọ́n ti ṣẹ́. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ló máa ń wá kó wọn, Bàbá Àjàní. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Ó mú pẹ́ńsù mi lórí tábìlì, ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí èékánná, ó sì gbẹ́ orí pẹ́ńsù náà. N kò gbọ́ ìró kankan. Èèpo igi náà kàn ń ká kúrò lára rẹ̀ bí ẹni pé òun náà ti ń wá ọ̀nà àtilọ.

Kí oṣù yẹn tó parí mo ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ahéré tó ti ń rọ ọ̀bẹ ní Ọ̀tà. Ìyá mi sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Ìgbà wo ni àwọn alágbẹ̀dẹ sọ fún mi pé dìgírì ló kù tí àwọn ń wá?"

Orúkọ tí ọ̀gá mi sọ mí náà nìyẹn: Dìgírì. "Dìgírì, kó eérú." "Dìgírì, fẹ́ná." Oṣù márùn-ún gbáko ni n kò fọwọ́ kan òòlù. Mo ń kó eérú, mo ń ṣa irin. Ó fún mi ní fáìlì kan, irin gbọọrọ tó ní eyín wẹ́wẹ́, ó ní kí n máa fi ha irin kọ̀ọ̀kan: èyí tí fáìlì bá jẹ, irin yẹ̀yẹ́ ni, èyí tí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀, irin gidi ni. Mo ha irin títí àlá mi fi ń dún.

"Ọ̀gá, ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Kí lo pe èyí tí o ń ṣe?"

"Ìyà ni, sà."

"Ó dáa. Tí o bá ti mọ ìyà yẹn dójú àmì, wá sọ fún mi, kí n fún ọ ní òmíràn."

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ọ̀bẹ náà nílé, ohun tó gbà kò pọ̀: àjákù ayùn, èédú, fáìlì kan, ọ́ìlì mọ́tò àlòkù nínú agolo, àti ẹ̀ka igi gúrófà fún èèkù. Ẹ ó ki irin náà bọ iná títí yóò fi pọ́n, ẹ ó wá rì í sínú eérú kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyẹn ló ń rọ agídí rẹ̀, tí fáìlì á fi lè jẹ ẹ́. Ẹ ó fi fáìlì gé e títí yóò fi jọ ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sínú iná, yóò tún pọ́n, ẹ ó sì tì í bọ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà kó lè le. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí kò bá pọ́n tó, ọ̀bẹ náà yóò rọ̀ bí ọ̀rọ̀ olóṣèlú ṣáájú ìdìbò. Bó bá pọ́n jù, yóò le bí ọ̀rọ̀ olóṣèlú lẹ́yìn ìdìbò, yóò sì ṣẹ́. Ẹ ó wá gbé e sórí irin gbígbóná títí ara rẹ̀ yóò fi mú àwọ̀ oyin, kí líle náà lè ní sùúrù díẹ̀ nínú.

Òfin méjì péré ni ọ̀gá mi ní. Èkíní: ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní títì nígbà tí irin bá ń pọ́n, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Ó tún ta àpò jútù bo ojú fèrèsé. Inú ahéré náà á ṣókùnkùn biribiri, ooru á sì máa se wá bí ẹ̀wà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn. Mo ń làágùn."

"Irin náà wà nínú iná. Ṣé o gbọ́ kó ráhùn?"

Kò sọ ìdí rẹ̀ rí. Èmi alákọ̀wé sì ti ní ìdí tèmi: mo ní ìgbàgbọ́ asán àwọn ará àtijọ́ ni.

Òfin kejì: ọ̀bẹ kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe é fi gbẹ́ ṣíbí kan tán láti ara igi gbígbẹ. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bàbá Àjàní ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ṣe é mọ ohun tó lè gbẹ́. Bí ọ̀bẹ bá fẹ́ ṣẹ́, ọwọ́ tiwa ni kó ti ṣẹ́. Àwọn ìyàwó ilé ní àdúgbò kò ra ṣíbí rí.

Lámídì ni oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, iṣẹ́ igi gbígbẹ́ sì ti wà nílé wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ Sàngó sí ìlú ilé-iṣẹ́. Mùsùlùmí ni, àga pásítọ̀ ló sì ń gbẹ́ jù. Ó ní àwọn pásítọ̀ fẹ́ràn kí kìnnìún wà lábẹ́ apá wọn, nítorí náà òun ń fún wọn ní kìnnìún tó jọ ológbò tó yó. Yóò jókòó sórí táyà níwájú ahéré wa, yóò dán ọ̀bẹ tuntun wò lára igi ọ̀mọ̀, yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n háyà.

"Bàbá, ọ̀bẹ yìí gbọ́ràn ju ìyàwó mi lọ."

"Ìyàwó rẹ wá síbí lánàá," ni ọ̀gá mi dá a lóhùn. "Ó ní igi gbọ́ràn jù ọ́ lọ."

Nígbà tí ara ọ̀gá mi kò gbé iṣẹ́ mọ́, ó fi ahéré náà lé mi lọ́wọ́, ó padà sí Ọ̀yọ́. Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Mo rò pé yóò súre fún mi. Ó kàn gbé orí síta láti ojú fèrèsé, ó ní, "Dìgírì. Ilẹ̀kùn o." Ọkọ̀ sì gbéra.

Ọ̀làjú wá bá mi. Mo ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ná, mo sọ ẹwìrì sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ra ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ tó ń yí, fáìlì di ohun ìsinmi. Àwọn ohun wọ̀nyẹn kò burú, ẹ̀yìn mi ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dòní. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í mọ ibi tí yóò dúró. Mo yọ ilẹ̀kùn kúrò. Mo fi gíláàsì sí ojú fèrèsé. Mo ta iná funfun mẹ́rin sí òkè ibi tí irin ti ń pọ́n nínú iná. Mo gbé pátákó síta: ILÉ-IṢẸ́ IRINṢẸ́ ÌGBÀLÓDÉ. Èmi nìkan ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí Lámídì rí i, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Dìgírì, ṣé o fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ abẹ níbí ni?"

"Ìgbà ń yí, Lámídì."

"Ó ń yí. Ṣáà jẹ́ kí ọ̀bẹ mi dúró sójú kan."

Ọdún yẹn ló rí iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀: ilẹ̀kùn ìrókò mẹ́jọ fún ilé ìtura tuntun kan ní Ọ̀tà. Ó ní kí n ṣe ọ̀bẹ mẹ́fà fún òun kíákíá. Mo ṣe wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lábẹ́ iná funfun mẹ́rin àti oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo rántí pé irin náà lọ́ra láti pọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mo ń wò ó, kò pọ́n tó lójú mi, mo sì ń fẹ́ná sí i. Ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ wá fún wọn ní ẹnu tó ń dán bí omi. Ní ti ṣíbí, mo ní ta ló tún ń jẹun pẹ̀lú ṣíbí igi? Mo fi ìwé ìròyìn dì wọ́n, mo kó wọn fún un.

Ní ọjọ́ kẹta ọ̀kan ṣẹ́. Lámídì ń ti ọ̀bẹ náà la kókó igi ìrókò já nígbà tí ó dá sí méjì. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀bẹ pẹ̀lú gbogbo agbára yọ̀ síwájú, ó sì bọ́ sórí ìdajì tó kù sínú igi. Iṣan àtàńpàkò àti ti ìka méjì ló gé. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Mo bá a ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti rán an, wọ́n sì ti sọ fún un pé ìka wọ̀nyẹn lè má ká mọ́. Mo dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo ń sọ̀rọ̀ nípa kókó igi àti bí ìrókò ṣe le. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé o fi gbẹ́ ṣíbí?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrókò.

"Mo béèrè ni, Dìgírì."

"Rárá."

Ó yí ojú sí ògiri. Ẹlòmíràn ló parí àwọn ilẹ̀kùn ilé ìtura náà.

Mo gbé irin tó ṣẹ́ náà lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá Àjàní ti darúgbó gan-an, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ súnmọ́ ojú rẹ̀. Inú irin náà rí wóró wóró bí iyọ̀, nígbà tó yẹ kó kúnná bí ẹ̀lúbọ́.

"O sè é jù," ni ó wí. "Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó wá ṣàlàyé ohun tí kò ṣàlàyé ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀: pé iná ara irin kò lè hàn nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Èyí tó ti pọ́n rékọjá nínú òkùnkùn, nínú oòrùn á jọ èyí tí kò tíì pọ́n. Nítorí náà ni ilẹ̀kùn ṣe ń wà ní títì.

Inú bí mi. "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi nígbà náà?"

"Mo sọ ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ kò sọ ìdí."

Ó wolẹ̀, ó ń yí irin náà lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó tijú. "Mo rò pé ẹni tó lọ yunifásítì á ti mọ̀," ni ó wí.

Ẹ wò ó: èmi fojú tẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ nítorí pé kò kàwé, òun sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ tí n kò ní nítorí pé mo kàwé. Láàárín àwa méjèèjì, Lámídì ló pàdánù ọwọ́.

Mo padà sí Ọ̀tà, mo gbé ilẹ̀kùn padà, mo yọ iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi pátákó ìgbàlódé dáná. Láti ọjọ́ yẹn n kò jẹ́ kí ọ̀bẹ kankan jáde láì gbẹ́ ṣíbí. Lámídì kó lọ sí Alapoti lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́dọọdún, bí ọdún iléyá bá ti kọjá, mo máa ń ṣe ọ̀bẹ kan fún un. Ọ̀tọ̀ ni mo ń pọ́n in: ojú kan ọ̀bẹ agbẹ́gilére ni a ń pọ́n, òdìkejì á tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo yí ti Lámídì padà kó lè bá ọwọ́ òsì mu. Mo ń gbé e lọ sí Alapoti, yóò fún mi lómi, yóò béèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Bí mo bá ti yọ ọ̀bẹ, yóò ní, "Mo dúpẹ́, Dìgírì. Gbé e padà lọ."

Mo gbé e padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí, àfi bí ti alápatà.

Ojú ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ní láti mọ bí irin ṣe pọ́n tó kò lè máa fi ojú tó ní kúrukùru wò ó, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ahéré pa. Àwọn ilé-iṣẹ́ kò da ayùn nù mọ́, wọ́n ń yọ́ ọ padà fúnra wọn. Ibi tí àwọn agbẹ́gilére ti ń jókòó sórí táyà ti di ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń rọra rìn. Òórùn ọ́ìlì tí irin gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni mo ń wá, ọṣẹ ni mo ń gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún yín ní ìpàdé ni pé bí iṣẹ́ bá wọ̀ yín lára, ọwọ́ yín kò ní mọ̀ pé ẹ ti fẹ̀yìntì. Tèmi ṣì ń ká mọ́ ẹ̀mú tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìpàdé ìjọ yẹn, mo mú ọ̀bẹ tí mo ṣe kẹ́yìn kí ojú mi tó lọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Alapoti. N kò ránṣẹ́ ṣáájú. Lámídì jókòó sábẹ́ òrùlé lẹ́yìnkùlé, èérún igi kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí ẹṣin kan wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tí kò ká mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èèkù rọ́bà pupa, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà.

Mo dúró tì í, mo ń wo ọwọ́ òsì náà.

"Jókòó," ni ó wí. "O ń dí oòrùn mi lọ́wọ́."

"Ó ti pẹ́ tí o ti ń gbẹ́gi?"

"Ọdún mẹ́fà. Ọmọ mi ló fi fóònù ra ọ̀bẹ yìí."

"Ọdún mẹ́fà! Mo wá síbí lọ́dọọdún, Lámídì. O ò sọ fún mi."

"Ṣé o béèrè? Ọ̀bẹ lo máa ń gbé wá. O ò gbé ìbéèrè kankan wá rí. O ò béèrè bóyá ọwọ́ yìí ń dùn mí nígbà òtútù. O ò béèrè ohun tí mo ń fi ọjọ́ mi ṣe. O kàn fẹ́ kí n gba ọ̀bẹ kí ìwọ lè sùn."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí èérún igi náà, èmi àgbàlagbà.

"Jọ̀ọ́, má bínú. N kò gbẹ́ ṣíbí. Ọ̀lẹ àti fáàrí ni. Kókó igi kọ́."

Ó wò mí sùn-ùn. "Èyí tó yẹ kí o ti sọ ní ilé ìwòsàn nìyẹn. Dìde, àyà rẹ á kún fún èérún." Nígbà tí mo jókòó tán, mo bi í léèrè. "Ṣé ó ń dùn ọ́ nígbà òtútù?"

"Ó ń dùn mí gan-an."

Ó sọ bó ṣe ń dùn ún fún mi, ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Ọ̀bẹ tí mo gbé wá wà nínú àpò mi. Ó rí èèkù rẹ̀, kò béèrè rẹ̀, èmi náà kò yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀bẹ Ṣáínà sí mi, èèkù níwájú.

"Èyí kò mú mọ́. Ọmọ mi ní kí n jù ú nù kí òun ra òmíràn. Bá mi pọ́n ọn."

Òkúta wà lẹ́bàá ìkòkò omi. Irin ọ̀bẹ náà kò dára, fáìlì ọ̀gá mi ì bá ti jẹ ẹ́ bí iṣu. Ojú mi kò rí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n àtàńpàkò mi rí i. Mo pọ́n ọn, mo nu ún, mo gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ òsì gbẹ́ abẹ́ etí ẹṣin náà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún gbẹ́ ẹ.

"Báwo ló ṣe rí?" ni mo béèrè. Mo ń wò ó bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ó ṣì ń fa díẹ̀."

Mo gbà á padà, mo da omi sórí òkúta, mo tún bẹ̀rẹ̀.